Àgbàrá kì í bẹ̀rẹ̀ nínú gọ́tà: ìtọ́sọ́nà fún onílé àti ayálégbé ní Ìbàdàn

Bí òjò ńlá bá dá ní Ìbàdàn, gọ́tà ni gbogbo ènìyàn máa ń nàka sí. Wọ́n á ní ó kéré, wọ́n á ní ó ti dí, wọ́n á ní ìjọba ò ṣe é dáadáa. Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Àmọ́ orí páànù àti ojú sìmẹ́ǹtì wa ni omi tó kún gọ́tà yẹn ti wá. Ohun tó bá sì pàdé lọ́nà, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀, omi ilé ìgbẹ́, ló ń rù lọ sódò àti sínú kànga ẹlòmíràn. Iṣẹ́ méjì la fẹ́ ṣe níhìn-ín: kí omi má sáré jáde nínú ọgbà, kó má sì ru ẹ̀gbin jáde.

Ìlú yìí mọ ohun tí àgbàrá lè ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya bo ìlú, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn, ó ba ọgbà ẹranko Àgọ́dì jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ojú odò náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó tó nǹkan bí mìlímítà 187 rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, adágún Ẹlẹ́yẹlé àti Odò Ọ̀nà kún àkúnya, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó bá a lọ. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 nítorí ọ̀rọ̀ àgbàrá Ìbàdàn nìkan. Mi ò bá iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kọnkéré tó dán ń mú omi sáré ni, kì í fọ̀ ọ́ mọ́. Ohun tí wọ́n bá dà sí Ògùnpa lápá Àgọ́dì ló ń gbé gba Dùgbẹ̀ kọjá. Nínú ọgbà wa ni ìmọ́tótó omi ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́.

1. Ẹ mú agbòjò, ẹ jáde

Bí àrá bá ń sán, ẹ dúró sílé. Bó bá ti rọlẹ̀ díẹ̀ tí òjò ṣì ń rọ̀, ẹ yí ọgbà ká. Ẹ wo ibi tí omi ti ń wọlé wá láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò òkè, ibi tó ń dúró sí, àti ibi tó ń gbà jáde. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, torí bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ ó gbàgbé, bíríkìlà yóò sì sọ ohun tó wù ú fún yín.

Ẹ bu omi sínú ìgò funfun mẹ́ta: ọ̀kan lábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀, ọ̀kan níbi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí, ọ̀kan níbi tí omi ti ń jáde sí gọ́tà. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ tó nípọn nísàlẹ̀ ìgò túmọ̀ sí pé àgbàrá ń wú ilẹ̀ yín. Bí ojú omi bá ń dán bí òṣùmàrè, ọ́ìlì ni. Bó bá ń rùn, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Omi tó mọ́ gaara kò sì ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, torí ojú lásán kì í rí kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru.

2. Ẹ ṣírò omi yín

Òjò mìlímítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ omi lítà kan. Kò sí ìṣirò mìíràn tí ẹ nílò. Pulọ́ọ̀tì 50 ẹsẹ̀ sí 100 ẹsẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 465. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sí i, tí páànù àti sìmẹ́ǹtì sì ti bo gbogbo rẹ̀, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 omi náà ni yóò sáré jáde. Ó lé ní lítà 20,000, ìyẹn tánkà omi onílítà 10,000 méjì láti inú ọgbà ẹnì kan. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ koríko lásán, ó lè má ju 4,650 lọ.

Ẹ wá ka ilé ogún sí àdúgbò kan, kí gbogbo wọn tú tánkà méjìméjì sínú gọ́tà kan ṣoṣo láàárín wákàtí kan.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn kí ènìyàn fi íntálọ́ọ̀kì bo gbogbo ọgbà láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé torí ẹrẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀gbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ilé tí ọ̀gbàrá ń wó kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó rán an. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tẹ́ nǹkan sílẹ̀, ẹ fi sí ojú ọ̀nà táyà àti ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láàárín òkúta kan sí èkejì, kí ẹ rọ gíráńẹ́ẹ̀tì kékeré sí i dípò sìmẹ́ǹtì.

3. Orí òrùlé

Òjò ọdún kan ní Ìbàdàn sún mọ́ mìlímítà 1,300. Òrùlé mítà onígun mẹ́rin 100 ń gba nǹkan bí lítà 130,000 lọ́dún, a sì tún ń sanwó fún mẹ́ruwà.

Ẹ jẹ́ kí kápíńtà so gọ́tà mọ́ etí òrùlé, kó dẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà méjì méjì sí apá tí tánkì wà. Omi àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ wọ tánkì, torí òun ló ń fọ eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé kúrò lórí páànù. Ìwọ̀n tó dára ni kí mìlímítà kan àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn lítà 100 fún òrùlé tí mo sọ yìí, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin. Àwọn kan máa ń fi páìpù ínǹṣì mẹ́rin tí wọ́n dí nísàlẹ̀ gba omi yìí, àmọ́ mítà kan rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí lítà mẹ́jọ lọ, ó kéré jù fún ilé ńlá. Ike ńlá kan tó gba lítà 100 ló dára jù: kó kọ́kọ́ kún, kí omi tó kọjá sí tánkì, kí ihò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí yóò máa kán tó tó, kó lè ṣófo de òjò tó ń bọ̀. Bí èyí bá nira, ẹ ní kí ọmọ kan máa yọ páìpù kúrò lẹ́nu tánkì títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ yóò fi kọjá. Òjò àkọ́rọ̀ oṣù Kẹta ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí méjì tàbí mẹ́ta lọ pátápátá.

Ẹ fi àwọ̀n tó hun dáadáa bo ẹnu tánkì. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà fẹ́ràn omi mímọ́ tó dúró, ó sì lè ti inú ẹyin di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Omi tánkì yìí dára fún aṣọ fífọ̀, ilé ìgbẹ́ àti iṣẹ́ bíríkìlà. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ sè é kó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Páànù tó ti ń hú ìpẹtà, tàbí tí wọ́n fi ọ̀dà àtijọ́ kùn, kò yẹ fún omi mímu rárá.

4. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mu nínú rẹ̀

Omi tó bá kún tánkì jáde gbọ́dọ̀ níbi tó ń lọ. Kí ẹ tó gbẹ́ kòtò kankan, ẹ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, tó jìn tó 60. Ẹ bu omi kún un, kó gbẹ, kí ẹ tún bu kún un. Ẹ wá fi rúlà wọn bó ṣe ń fà. Bó bá fà tó mìlímítà 25 ní wákàtí kan, ilẹ̀ yín dára. Bí kò bá tó 12, amọ̀ ti pọ̀ níbẹ̀ tàbí àpáta wà nítòsí, ẹ fi kòtò sílẹ̀. Bí omi bá sì ń sun láti ìsàlẹ̀ ihò náà fúnra rẹ̀, ẹ dí i, ilẹ̀ ti yó. Àárín ìgbà òjò ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí. Ilẹ̀ tí wọ́n dán wò lóṣù Kejì máa ń parọ́.

Fún ilẹ̀ tó gbà, kòtò mítà kan ààbọ̀ ní gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn tó. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn: bí wọ́n bá fi òkúta kún kòtò náà, àyè omi tó kù kò ju nǹkan bí lítà 1,200 lọ. Bí wọ́n bá fi búlọ́ọ̀kù tó ní àlàfo kọ́ ọ yíká, tí wọ́n sì fi pèpéle kọnkéré bò ó, yóò gba nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Owó méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Kí omi tó wọ kòtò, kó kọ́kọ́ gba inú àpótí kọnkéré kan tí ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀ ga ju ìsàlẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí yanrìn lè rọ̀ síbẹ̀. Ẹ máa kó yanrìn náà lóṣooṣù. Kòtò tí kò ní àpótí yìí yóò dí, kò sì sí ẹni tó lè fọ̀ ọ́. Kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé yín àti ti aládùúgbò ní mítà márùn-ún ó kéré tán. Ẹ má ṣe so páìpù ilé ìgbẹ́ mọ́ ọn láé.

Bí ẹ bá ń gbé lórí òkè, bí àwọn ará Màpó àti Òkè Àrẹ̀mọ, ẹ má gbẹ́ kòtò sókè orí ilé ẹlòmíràn, torí ilẹ̀ tó yó lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ lè ya. Tiyín ni láti to òkúta ní ìlà gba ìbú ọgbà, kí ẹ gbin kóoko ọba sẹ́yìn òkúta náà, kí omi máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ilẹ̀ tí kì í tètè fa omi lè ní ojú kan tó tẹ́ wọlé díẹ̀, tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, tí ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti koríko sí. Kí omi tó bá dúró níbẹ̀ ti lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Gbòǹgbò àti ilẹ̀ ń gba ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì díẹ̀ lọ́wọ́ omi, ohun tí kọnkéré kò lè ṣe. Ẹ má gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ síbẹ̀.

5. Ẹ̀gbin

Apá yìí ló le jù, torí ènìyàn ni ẹ ó bá wí, kì í ṣe omi.

Gbogbo wa la mọ àwọn tó máa ń dúró de òjò. Bí ọ̀run bá ti ṣú, wọ́n á gbé garawa ìdọ̀tí sẹ́nu géètì. Àwọn mìíràn á ṣí ìdérí sokawéè tó ti kún, kí àgbàrá bá wọn gbé e lọ. Wọ́n rò pé omi púpọ̀ ń fọ ẹ̀gbin dànù. Kì í fọ̀ ọ́, ó ń pín in káàkiri ni. Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gba àgbàrá kọjá bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ń gba ìpín tirẹ̀, kànga tí kò ní ìdérí náà ń gbà. Báyìí ni onígbáméjì àti ibà jẹ̀fúnjẹ̀fun ṣe ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn.

Sokawéè kì í déédéé kún lọ́jọ́ òjò. Bí omi ilé ìgbẹ́ bá ń lọ tìrọ́tìrọ́, bí ilẹ̀ orí rẹ̀ bá tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti ń sọ fún yín. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ilé ìgbẹ́ kí oṣù Kẹta tó dé, torí bí òjò bá ti mú ilẹ̀ yó, omi abẹ́ ilẹ̀ náà yóò gòkè wá kún un. Ní ilé tí ayálégbé púpọ̀ ń gbé, ẹ pín owó rẹ̀ sí yàrá yàrá ní oṣù Kejìlá, kí ó má di ọ̀rọ̀ "lánlọ́ọ̀dù ni kó san án" nígbà tí òjò bá dé.

Fún aládùúgbò tó ń ṣí tirẹ̀ sí àgbàrá, ẹ má pariwo lé e lórí nínú òjò. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mú àgbà kan dání. "Ẹ kú ilé o, Alhaji. Àwa ọmọ yín ni. Omi tó ń gba ẹ̀yìnkùlé yín kọjá ń wọ kànga wa, àwọn ọmọdé sì ń mu níbẹ̀. A ní ká jọ wá ọ̀nà sí i." Fọ́tò inú fóònù yẹn yóò wúlò níhìn-ín, àmọ́ ẹ má kọ́kọ́ fà á yọ. Bí ẹ̀bẹ̀ bá kùnà, wọlé-wọlé ṣì wà ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fi ìwé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù pè wọ́n, kó má jẹ́ ẹnu ẹnì kan.

Ọ́ìlì ni èkejì. Àjọ EPA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ilé ń yọ tirẹ̀ náà, ẹ̀yìn ògiri la sì ń dà á sí. Ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó ní oníbàárà: bíríkìlà ń fi pa pákó kọnkéré kó má lẹ̀, kápíńtà ń fi lé ikán. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá gọ́tà kò ní kọ owó, bí ẹ bá bá a mọ ẹni tó ń rà á. Ẹ ní kó máa da yanrìn sórí ọ́ìlì tó bá dà sílẹ̀, kó gbá a sínú àpò, kó má fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ sí gọ́tà.

Ewúrẹ́ àti adìyẹ: ẹ kọ́ ilé wọn síbi tí àgbàrá kò gbà, kí ẹ máa gbá ìgbẹ́ wọn sí oko kí òjò tó dé. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà: ẹ so àpò kan mọ́ ògiri ìta, ẹni tó ń kó o tà yóò máa wá.

6. Gọ́tà iwájú ilé

Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó kan gọ́tà. Lọ́jọ́ òjò, ẹ ju ewé kan sínú rẹ̀. Bó bá rin mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, gọ́tà ń gbá ara rẹ̀ mọ́. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, yanrìn yóò máa rọ̀ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà fi rọ́bà omi rẹ̀ wọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì: sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan ló dára.

Ibi tí àdúgbò púpọ̀ ti ń kú sí ni ẹnu géètì. Gọ́tà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ó jìn tó 60. Onílé kan á ri páìpù ínǹṣì mẹ́fà sábẹ́ ojú ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀, á da kọnkéré lé e. Ẹnu páìpù yẹn kò ju ìdá kan nínú ogún ẹnu gọ́tà lọ. Gbogbo òpópónà yóò máa mì omi gba ọ̀fun yẹn, ilé tó wà lókè rẹ̀ ló sì máa kún. Pèpéle kọnkéré tó ṣeé gbé, tó ní irin ìdìmú méjì, ló yẹ kí a fi bo gọ́tà, kí ẹnu rẹ̀ má dínkù rárá. Irin asẹ́ tó ń gba ọ̀rá dúró, ẹ fi síbi tí páìpù ilé yín ti wọ gọ́tà. Ẹ má fi sí àárín gọ́tà gbogbogbò àyàfi tí ẹ bá ti yan ẹni tí yóò máa kó ohun tó bá há síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọjọ́ ìmọ́tótó ńkọ́? A máa ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ gọ́tà, a ó kó o jọ sẹ́bàá gọ́tà kan náà, òjò ọjọ́ kejì a gbá a padà síbi tó ti wá. Kí ẹgbẹ́ má bẹ̀rẹ̀ sí kó o títí àpò àti ọmọlanke yóò fi wà nílẹ̀. Ẹ má da ẹrẹ̀ yẹn sí ọgbà ẹ̀fọ́. Kí ẹ kó o lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù: kí òjò oṣù Kẹta tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Àjálù 1980 àti ti 2011 bọ́ sí ìparí oṣù yìí.

7. Kànga

Ìwọ̀n tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sábà máa ń dárúkọ ni mítà 30 láàárín kànga àti sokawéè. Pulọ́ọ̀tì wa kì í tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ gbé ẹnu kànga ga ju ibi tí àgbàrá dé rí lọ, ẹ fi kọnkéré tẹ́ yíká rẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀, kó dẹ̀ síta, kí ẹ sì bò ó. Garawa àti okùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn nílẹ̀.

Bí àgbàrá bá ti wọ inú kànga, ẹ má mu ún títí ẹ ó fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ fa omi inú rẹ̀, ẹ fọ ògiri rẹ̀, kí omi tuntun sun wá. Ẹ wá ra ìyẹ̀fun kílóríìnì tí wọ́n ń pè ní HTH, oní-ìdá 65 nínú 100. Lítà 1,000 omi nílò nǹkan bí gíráàmù 75. Kànga tó fẹ̀ ní mítà kan, tí omi rẹ̀ jìn tó mítà mẹ́ta, ní nǹkan bí lítà 2,360 nínú, gíráàmù 180 ló máa gbà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ da ìyẹ̀fun sínú garawa omi, kì í ṣe omi sórí ìyẹ̀fun. Ẹ má pò ó mọ́ ọṣẹ tàbí ásíìdì kankan. Ẹ dà á sí kànga ní ìrọ̀lẹ́, kó sùn di ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má pọn ún. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fà á dà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò gbọdọ̀ dé odò ẹja, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ.

Ẹ máa se omi náà títí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó gbé ìgò kan lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ohun tí ẹ ó bi wọ́n ni E. coli, kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, òdo sì ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú mílílítà 100. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má tún da kílóríìnì sí i. Ẹ wo ilé tó wà lókè yín, kí ẹ béèrè ibi tí sokawéè wọn wà.